Ibi Tí Omi Ẹ̀gẹ́ Wa Ń Lọ

Bí mo bá ra fùfú inú ọ̀rá ní Sango lónìí tí mo gbé e délé, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé kí n bínú. Fùfú náà á ti dán jù, kò ní ní òórùn kankan, wọ́n á ti fọ̀ ọ́ títí adùn inú ẹ̀ fi bá omi lọ. Ọkọ mi á ní kí ló tún dé. Màá ní kò sí nǹkan. Kí ni mo fẹ́ wí fún ọmọ Ọ̀ṣun tó gbà pé iyán nìkan ni oúnjẹ? Ìyá mi ló ṣe fùfú láyé yìí, àwọn yòókù kàn ń gbìyànjú ni.

Abúlé kan ní ọ̀nà Alápòtì ni wọ́n bí mi sí. Kò jìnnà sí títì, ìjọba ló jìnnà sí. Olóṣèlú kan gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún wa nígbà kan tí ìbò ń bọ̀. Kànga náà ń yọ omi dáadáa títí wọ́n fi dìbò tán, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ni gbogbo wa gbójú lé. Mo ń sọ̀rọ̀ bíi pé ó ti pẹ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa ló ní fóònù lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn ọmọge a máa gbé kẹ́ẹ̀gì sórí ya fọ́tò lẹ́bàá omi.

Òwúrọ̀ ibẹ̀ ni àárò ẹ̀ máa ń sọ mí jù. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán, ìrì á ti rin koríko ojú ọ̀nà, a ó tò tẹ̀léra, kẹ́ẹ̀gì òfìfo á máa lu ara wọn. Ìyá mi á ti ṣáájú, á máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò mọ ohùn ẹ̀, orin kan náà lójoojúmọ́, ẹsẹ kan náà, torí pé kò mọ ẹsẹ kejì. Tí a bá débẹ̀, yanrìn á tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, omi á sì mọ́ débi pé a ó máa rí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó ń sá fún òjìji wa. Láti ìgbà náà, mo ti gbé nínú ilé tí omi ti ń jáde lára ògiri. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi bíi ti odò yẹn.

Odò náà ní òfin, òfin ọ̀hún sì le. Òkè odò, lábẹ́ àwọn igi ọ̀pẹ, ni a ti ń pọn omi mímu, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi níbẹ̀. Àárín ni ti ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí odò ti ń yà kúrò lọ́dọ̀ wa, ni ti ẹ̀gẹ́. Ibẹ̀ ni ẹbu wà, ibi tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe fùfú. Ẹni tó bá fọ abọ́ lásán lókè odò, òun ni yóò fi ọ̀sẹ̀ kan gbako gbá ọ̀nà odò, gbogbo ẹni tó ń lọ pọnmi á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kọjá. A fi òfin yìí yangàn púpọ̀. Tí a bá lọ sí Sango tí ìyá mi rí gọ́tà tó dúdú, á di imú, á ní, "Ẹ wo àwọn ará ìlú. Gbogbo ìwé tí wọ́n kà yẹn, wọn ò mọ omi í lò."

Fùfú kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ ó bó ẹ̀gẹ́, ẹ ó gé e, ẹ ó rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, ẹ ó wá fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi sẹ́ ẹ nínú asẹ́ kí okùn inú ẹ̀ lè jáde. Ẹ ó jẹ́ kó silẹ̀, ẹ ó da omi orí ẹ̀ nù, ẹ ó kó ìyókù sínú àpò, ẹ ó gbé òkúta lé e. Omi tí ẹ dà nù yẹn funfun bíi mílíìkì, ó kan, ó sì máa ń yún ni lára. Gọ́tà kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹbu ló ń gbà lọ sínú odò. Kò sẹ́ni tó ronú kan ibi tó ń lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ti kúrò níwájú wa, ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìkòkò ni wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́, àwọn tó wà ní ẹbu náà ò sì ju ìyá mi àti àwọn obìnrin díẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, kọ́ńpìnnì ń pọ̀ sí i lójú títì, àwọn òṣìṣẹ́ ń ya wá láti Ọ̀yọ́, láti Ọ̀ṣun, láti ibi gbogbo, ebi sì ń pa gbogbo wọn lọ́sàn-án. Bí àwọn oníbàárà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì wá kó fùfú wa nìyẹn. Ìkòkò di dúrọ́ọ̀mù, dúrọ́ọ̀mù di tánkì oníbulọ́ọ̀kù. Fùfú ló fi páànù bo ilé wa, fùfú ló rán àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ́ṣẹ́, fùfú náà ló rán mi lọ sí poli. Lópin ọ̀sẹ̀, màá wálé, màá jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, màá máa fi èékánná tí mo kùn ní pupa bó o. Ìyá mi á wo èékánná náà, á wo ẹ̀gẹ́ náà, á tún máa bó tirẹ̀ lọ.

Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ń gbé ní abúlé kejì, tí èèyàn bá tẹ̀lé odò lọ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi wá sí tiwa, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ. Òun ló kọ́ ìyá mi ní fùfú ṣíṣe, kí orúnkún tó ní kó jókòó. Ara rẹ̀ ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò gbọ́ nípa rẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé àpótí lọ sẹ́bàá odò, á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, á máa bá gbogbo ẹni tó bá ń kọjá jà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, káfíńtà, tí a ń pè ní Bàbá Ojú Ore nítorí Ojú Ore ní Ọ̀tà ló ń gbé, ti pèsè yàrá kan dè é nínú ilé rẹ̀. Màmá àgbà ò lọ. Ó ní, "Ilé tí mo bímọ sí, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n ti gbé mi jáde. Ẹ jẹ́ kí n rójú mu omi mi." Ìyá mi náà ò fẹ́ kó lọ. Òun ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Màmá àgbà ní, kò sì sí ọjọ́ tí ilẹ̀ á mọ́ tí wọn ò ní rí ara wọn, kódà kó jẹ́ láti bínú síra wọn.

Lójijì, odò ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ojú rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ẹja ń léfòó. Ẹni tó bá fi wẹ̀, ara á máa yún un. Lọ́dọ̀ tiwa, lábẹ́ igi ọ̀pẹ, omi ṣì mọ́ gaara. Nítorí náà a káàánú wọn, a sì dúpẹ́ pé àwa ní òfin.

Bàbá Ojú Ore wá lọ́jọ́ kan, ó wo omi náà, ó mi orí. Ó ní, "Tí ọdún bá ti dé, màá wá gbé màámi. Mi ò lè máa wo wọ́n kí wọ́n máa mu májèlé." Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè, pé àwọn á bá kọ́ńpìnnì sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti gbé gbogbo nǹkan yòókù tì. Ohun kan ṣoṣo ló ń lé: kí odò yẹn mọ́, kí ìyá òun má bàa fi ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Ta ni à bá sì fura sí bí kì í ṣe kọ́ńpìnnì? Lágbègbè wa yìí, bí orí bá fọ́ èèyàn, kọ́ńpìnnì ni. Bí adìẹ ò bá yé, kọ́ńpìnnì ni. Mi ò sọ pé gbogbo wọn mọ́wọ́ o. Mo ti rí gọ́tà lójú títì tí àwọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yàtọ̀ sí tìrọ̀lẹ́. Iléeṣẹ́ kan sì wà tó ń ṣe ike, gọ́tà tirẹ̀ ń já sínú odò láàárín abúlé wa àti ti Màmá àgbà. Kí ni a tún ń wá?

Àwọn àgbà abúlé méjèèjì wọ agbádá, ìyá mi bá wọn lọ, èmi náà tẹ̀lé wọn torí pé mo gbọ́ òyìnbó. A bu omi odò sínú ìgò ike kan, a dé e pinpin. Ẹ̀rí wa nìyẹn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, ọmọ ìhà ìlà-oòrùn, ní ọ̀gá òun ò sí nílé. Àwọn bàbá ní kó ṣí ìgò náà, kó fi imú ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń fún àwọn mu. Ó ṣí i. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un gbọ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Baba, dis one na akpu water now. Who dey make akpu for una side?"

Àkpù ni wọ́n ń pe fùfú lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ ò rí ìbínú lọ́jọ́ náà! Olórí wa já ìgò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ṣé ó rò pé òmùgọ̀ làwọn ni. Ìyá mi ló pariwo jù. Ó ní irọ́ tí wọ́n kọ́ ọkùnrin náà pé kó máa pa nìyẹn, pé owó oṣù ló ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó bú u láti géètì títí dé abúlé, bẹ́ẹ̀ òórùn fùfú ń jáde lára ìró tó ró, kò gbọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣe fùfú kì í gbọ́ òórùn fùfú mọ́.

Kérésìmesì dé, kọ́ńpìnnì ti géètì, àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé. Ariwo ẹ̀rọ dákẹ́ débi pé a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹyẹ. Gbogbo wa ní ó tán, odò á sinmi. Àwọn oníbàárà wa láti Èkó sì ń kó fùfú bí nǹkan míì, torí ìrẹsì ọdún kì í pẹ́ sú èèyàn. Ọgbẹlẹ̀ ti mú, omi ti fà. Òórùn tó jáde lọ́dọ̀ Màmá àgbà lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bàbá Ojú Ore ò dúró mọ́. Ó gbé ọkọ̀ wá, ó di ẹrù ìyá rẹ̀ sẹ́yìn. Màmá àgbà ò bá a jà, ìyẹn ló yà wá lẹ́nu. Ó kàn fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi, ó wọ ọkọ̀, wọ́n lọ.

Ìyá mi ò tiẹ̀ dúró kí eruku ọkọ̀ náà rọlẹ̀. Ó kọrí sódò, mo tẹ̀lé e. Ó dúró, ó ń wo omi funfun kan tó ń ṣàn bọ̀ láàárín èyí tó dúdú. Ó ní, "Kọ́ńpìnnì ti tì. Níbo lèyí ti ń wá?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ó ń gòkè lọ. A dé ẹnu gọ́tà kọ́ńpìnnì. Ó gbẹ, aláǹgbá ń yáàrùn nínú ẹ̀. Ìyá mi gbé ojú sókè, omi funfun náà ṣì ń bọ̀ láti iwájú. A tún rìn, nínú ẹ̀gún, nínú ẹrẹ̀, títí a fi já sí ibi tí a mọ̀ jù láyé. Ẹbu wa ni. Àwọn obìnrin ń sẹ́ fùfú, wọ́n ń ṣàwàdà, gọ́tà wa ń tú omi funfun sínú odò. Wọ́n kí wa káàbọ̀.

Ìyá mi jókòó sórí òkúta tí wọ́n fi ń tẹ àpò fùfú. Ó ní, "Ìsàlẹ̀ tiwa, òkè tiwọn ni. Ibi tí màámi ti ń pọn omi mu ni mò ń dalẹ̀ sí."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa la ti ń pa òfin odò mọ́, a ò sì tàn án jẹ rí. Òfin ọ̀hún kàn parí síbi tí abúlé wa parí sí ni, omi ò sì mọ̀ pé abúlé wa ti parí.

Ẹ má rò pé gbogbo èèyàn gbà lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ní kí ìyá mi pa ẹnu mọ́, pé kọ́ńpìnnì lówó, kó máa gba ẹ̀bi lọ. Òmíràn ní tí àwọn bá fi fùfú sílẹ̀, ṣé odò làwọn fẹ́ máa jẹ? Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìyẹn ò lórí. Ìyá mi ò bá wọn jà, bẹ́ẹ̀ ìjà ò ṣòro fún un. Lọ́jọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ wọlé láti ìsinmi ọdún, ó wọ ọ̀kadà lọ sí Ọ̀tà, ó ní wọléwọlé lòun ń wá.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ lórí èyí. Bí wọléwọlé bá yọ lókèèrè lábúlé wa, sísá la máa ń sá. A ó ti ilẹ̀kùn, a ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo gọ́tà, a ó ní àwọn àgbà ti lọ sóko. Ìyá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pe wọléwọlé wá sílé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni wọléwọlé náà, ó wọ bàtà òjò. Ìyá mi kọ́kọ́ ń pè é ní "ọmọ mi". Nígbà tó rí ojú tí ó fi wo gọ́tà wa, ó yí i sí "àǹtí".

Wọléwọlé náà ní májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́, omi rẹ̀ sì kan, bó bá ti pọ̀ jù nínú odò, ẹja ò ní rí èémí mí. Ṣùgbọ́n bí a bá dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ nínú oòrùn, agbára rẹ̀ á dínkù. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí omi yín sùn kó tó máa lọ." Kòtò mẹ́ta ló ní ká gbẹ́ tẹ̀léra wọn, ká fi amọ̀ rẹ́ inú wọn. Àkọ́kọ́ á fẹ̀, kí ẹrẹ̀ funfun lè silẹ̀ níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn la ó fi kún èkejì, kí omi lè máa jò gba inú wọn kọjá. Ẹ̀kẹta ò ní jìn, kókò àti koríko àbàtà la ó gbìn sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi á ti wá máa yọ́ lọ sódò.

A gbẹ́ ẹ. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan, ó rẹ̀ wọ́n, àwọn obìnrin gbẹ́ èyí tó kù. Nígbà tí a kọ́kọ́ lò ó, ó bàjẹ́. A da omi sí i bí ẹni tó ń pa iná, ẹrẹ̀ funfun dí gbogbo yanrìn, omi kún, ó ya bo gbogbo ẹbu, òórùn rẹ̀ sì kọjá àfẹnusọ. Obìnrin tó ní ká pa ẹnu mọ́ ní, "Ṣé mo sọ?" Ìyá mi ká ìró sókè, ó wọnú kòtò, ẹrẹ̀ mù ún dé itan, ó ń fi korobá gbọ́n ọn. Ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ sọ pé kó fi í sílẹ̀, mo rí ojú rẹ̀, mo wá korobá tèmi.

Wọléwọlé padà wá, ó ní kòtò àkọ́kọ́ ni a gbọ́dọ̀ máa gbọ́n ẹrẹ̀ rẹ̀ déédéé, ká kó o lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin wá ń ṣe é, ẹnì kan lónìí, ẹlòmíràn lọ́la. Ẹni tó bá gbàgbé, ọ̀nà odò ló ń gbá.

Ní gbogbo àkókò yìí, Màmá àgbà wà ní Ojú Ore. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ o, mi ò lè purọ́. Ó ní fáànù, ó ní ẹ̀rọ omi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo lọ kí i, mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èérún igi, tó ń wo ọkọ̀. Ó ti rù. Ẹni tó ń ra pákó kọjá lára rẹ̀, kò kí i, Màmá àgbà ò sì bú u. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Òjò rọ̀, ó tún rọ̀. Kókò inú kòtò yọ ewé tó lè bo ọmọdé mọ́lẹ̀. Láràárọ̀, ìyá mi á lọ síbẹ̀, á bu omi tó ń jáde sínú abọ́, á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Kò mọ́ tó ti abẹ́ igi ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kò funfun mọ́. Àwọn ọmọ abúlé ìsàlẹ̀ ló mú ìròyìn wá lọ́jọ́ kan pé àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ti padà. Ìyá mi gbé fóònù, ó pe Ojú Ore, ó ń kígbe bíi pé kò sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbé màámi bọ̀!"

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n gbé e dé. Kò wọlé, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú òun lọ sódò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bu omi sọ́wọ́, ó fi kan ahọ́n, ó tu ú dànù. Ó ní, "Ó kù díẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ìyá mi. Ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn níwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ foríjì mí. Kì í ṣe kọ́ńpìnnì. Omi fùfú mi ló lé yín kúrò nílé yín."

"Mo mọ̀," ni Màmá àgbà wí.

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Ta ló kọ́ ẹ ní fùfú? Ṣé èmi ni mi ò ní dá omi rẹ̀ mọ̀? Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti sẹ́ ẹ lókè, ọjọ́ náà ló ń dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ìgò yín lọ bá oní kọ́ńpìnnì."

Inú bí Bàbá Ojú Ore. Ó ní, "Màámi, ẹ wá dákẹ́? Ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù yín, kí n gbé yín lọ, ẹ ò la ẹnu?"

Màmá àgbà wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ kékeré. "Tí mo bá sọ̀rọ̀, ṣé àwọn àgbà ò ní ti ẹbu yẹn pa? Ọmọ wà nílé ìwé. Èmi lè mu omi ẹ̀rọ. Ọmọ tí wọ́n bá lé kúrò nílé ìwé, ta ló máa gbé e padà?"

Ìyá mi gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún kíkan-kíkan, Màmá àgbà sì ń lù ú lẹ́yìn pẹ́pẹ́ pé kó dìde, pé yanrìn ń ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kọjú sí. Lọ́dún yẹn, nínú gbogbo ọmọ tí ìyá mi bí, èmi nìkan ni mo wà nílé ìwé.